Iyùn Tí Wọ́n Gbìn Sínú Omi Gbígbóná

Ẹ má sọ fún mi pé kí n mú sùúrù. Mo ti mú un rí, mo sì ti rí ibi tó gbé mi dé. Àwọn èèyàn wa ní Ẹ̀pẹ́ gbà pé ẹni tó bá ti dé Sáúdì ti fẹsẹ̀ kan wọ àlùjánnà, wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé nǹkan ń bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú. Bí mo bá lọ sílé, wọ́n á ní kí n gbàdúrà fún àwọn, wọ́n á máa fọwọ́ kan aṣọ mi torí pé ó ti ilẹ̀ mímọ́ wá. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín, màá máa ṣe "Àmín, àmín." Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Jẹ́dà kì í ṣe ooru, nítorí wọ́n ti fi ooru dẹ́rù bà mí láti ilé. Omi ni. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kò ní rí ìka ara rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ìsàlẹ̀ Òkun Pupa, mo rí òjìji ọkọ̀ wa lórí iyanrìn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo rí ẹja aláràbarà, mo rí iyùn tó ga jù mí lọ. Mo sunkún sínú awò tí mo fi bojú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń kàwé nípa iyùn nílé ẹ̀kọ́ gíga, nínú yàrá tí iná kì í sábà wà, láìtíì fojú kan ọ̀kan tó wà láàyè.

Ohun kejì ni àwọn èèyàn. Al-Ruwais ni mo ń gbé, lápá etí òkun, nínú àwọn ilé àtijọ́ tí katapílà kò tíì wó. Bí mo bá wọ táksí níbẹ̀, awakọ̀ á bi mí pé ilé ta ni mo ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bí mo bá ní inú òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n ń pè mí ní dókítà nítorí ìwé tí mo kà, á wò mí nínú dígí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Takrúnì." Ohun tí wọ́n ń pe gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí baba ńlá rẹ sí, ì báà jẹ́ pé àná lo dé. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, mo kàn máa ń tilẹ̀kùn táksí gbàgà nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìdáwà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní Ẹ̀pẹ́, èèyàn ò lè sunkún kí ẹnì kan má yọjú lójú fèrèsé pé kí ló dé. Ní Al-Ruwais, mo ṣàìsàn títí ara mi fi yá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá mi nìkan ló gbọ́ ọ lóhùn mi lórí fóònù.

"Ohùn rẹ ti há," ni Màámi wí.

"Ẹ̀rọ amúlétutù ni, Màámi."

"Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sunkún."

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà mí ni títọ́jú iyùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n kígbe.

"Iyùn? Iyùn ọrùn?"

"Èyí tó ṣì wà láàyè ni, Màámi. Inú òkun ló ń gbé."

"Ó ń mí?"

"Ó ń jẹun pàápàá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé wọn ò ní jẹ́ kí o mú díẹ̀ wá sílé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá ṣàlàyé fún wọn, bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún yín náà nìyẹn. Iyùn inú òkun dà bí onílé tó gba ayálégbé. Ẹranko kékeré ni onílé náà, ó ń fúnra rẹ̀ kọ́ ilé olókùúta, ó sì gba àwọn ohun tíntìntín kan tó dà bí ewé sínú ara rẹ̀. Àwọn ayálégbé yìí ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún un, àwọn náà ló ń fún un láwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjà á dé, onílé á lé ayálégbé jáde. Iyùn á wá funfun bí ẹfun. Kò tíì kú nígbà yẹn o, ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, àwọn ayálégbé lè padà. Bí kò bá tutù, ó parí. Ayé ń gbóná sí i, òkun náà ń gbóná bá a, ìjà kan kì í sì í jìnnà sí èkejì mọ́ báyìí.

"Ká sọ pé ẹ ń tọ́jú aláìsàn," ni Màámi wí.

Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ń kọ́ ilé ìtura ńlá sí etí òkun, wọ́n sì ti ba iyùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó iyanrìn. Wọ́n ní láti gbin òmíràn dípò. Èmi àti Idrís, ọmọ Sudan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wa, la jọ ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ gé ẹ̀ka kéékèèké lára àwọn iyùn tó la ooru tó kọjá já. A ó so wọ́n mọ́ okùn lórí àwọn tábìlì irin tí a rì sínú òkun, a ó sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ewé wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kúrò lára wọn kí ó má baà bò wọ́n pa. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni o! Ọjọ́ tí mo rí i pé ẹ̀ka kan ti dàgbà yí okùn ká, tó ti fi ara rẹ̀ di okùn náà mú, mo pariwo nínú omi débi pé Idrís rò pé nǹkan ló ṣán mi. Ìdùnnú tí mo ní lọ́jọ́ náà, mi ò ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè.

Ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́ náà, ọmọ Yorùbá ni. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó ti pẹ́ ní Sáúdì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Àlàájì, títí kan àwọn Lárúbáwá. Ọjọ́ tí mo dé ọ́fíìsì, bó ṣe ní, "Káàbọ̀ o, ọmọ Ẹ̀pẹ́," orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ òun ni mí. Mo pe Màámi pé mo ti rí bàbá ní ìdálẹ̀, Màámi sì wúre fún un títí owó fi tán lórí fóònù mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Mẹ́kà. Lẹ́yìn ìrun, a ó lọ jẹun nílé Àlàájà kan ní àdúgbò Al-Ka'kiyah, níbi tí àwa Yorùbá máa ń kóra jọ sí. Mẹ́kà ni wọ́n bí Àlàájà yìí sí. Ìlọrin ni baba ńlá wọn ti fẹsẹ̀ rìn wá ṣe Hájì, tí kò sì padà mọ́. An-Nakkasah, ní Mẹ́kà náà, ni wọ́n dàgbà sí, lára òkè, títí ìjọba fi wó ilé wọn níbẹ̀. Wọn kò dé Nàìjíríà rí, síbẹ̀ Yorùbá ẹnu wọn jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni kì í sọ ọ́. Bí Àlàájà bá ní, "Ẹ wá kí àǹtí yín," wọ́n á dáhùn ní Lárúbáwá, "Tayyib, ya sitti," ìyẹn ni pé ó dáa, ìyá àgbà, wọ́n á sì tún padà sídìí fóònù wọn.

Ọdọọdún sì ni Àlàájà ń sọ ikámà wọn dọ̀tun, gẹ́gẹ́ bí èmi tó dé lánàá. Ikámà ni ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú náà, kò sì sí ikámà fún ẹni tí kò ní kafíìlì, ẹni tó dúró fún un. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé níbo ni wọ́n ń pè nílé. Wọ́n ń yọ egungun ẹja fún ọmọ-ọmọ wọn tó kéré jù.

"Ibi tí wọ́n bá ṣì ń jẹ́ kí n sùn sí," ni wọ́n wí.

Inú bí mi fún wọn. Ní tiwọn, ó ti sú wọn láti máa bínú. Mo wo àwọn tó jókòó sínú yàrá náà, àwọn dókítà, àwọn olùkọ́, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, mo sì rí i pé gbogbo wa pátá ni ẹnì kan ń di ilẹ̀kùn mú fún, tó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Màámi ló kù nínú ẹgbẹ́ aṣàlátù wọn tí kò tíì dé Mẹ́kà. Bí wọ́n bá jókòó, Àlàájà á wà lọ́tùn-ún, Àlàájà á wà lósì, "Ìyá Ẹlẹ́ja" ni wọ́n á pe Màámi láàárín, nítorí ẹja ni wọ́n ń yan tà. Àlàájì ṣèlérí fún mi pé ilé iṣẹ́ máa ṣe ìwé tí mo fi máa pe ìyá mi wá kí mi, pé wọ́n á sì ti ibẹ̀ ṣe Úmúrà, Hájì kékeré. Màámi mọ̀ pé Úmúrà nìkan kì í sọ èèyàn di Àlàájà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun ṣáà fojú kan Káábà ná, àwọn aṣàlátù á jiyàn ìyókù láàárín ara wọn. Láàárọ̀ ṣúṣú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ ládùúgbò, kí orúnkún wọn lè lókun láti yí Káábà po.

Ooru ọdún náà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Àwọn iyùn wa ti tó gbìn, a sì ti fẹnu kò pé ìgbà ọ̀tútù la máa gbìn wọ́n sórí àpáta, nígbà tí omi bá rọlẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gbin àgbàdo sínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá wo ilé ìtura náà, Àlàájì sì fẹ́ kí a gbin iyùn lójú wọn. Inú oṣù tí omi ń gbóná jù lọ ló sì bọ́ sí. Ibi tí omi kò ti jìn ni wọ́n tún yàn, níwájú ilé ìtura gan-an, kí àwọn ayàwòrán lè rí i dáadáa.

Ó pe ìpàdé. Àwọn ọ̀gá Lárúbáwá wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń polówó ilé ìtura wà níbẹ̀, èdè Òyìnbó la sì ń sọ. Nígbà tó ṣàlàyé ètò rẹ̀ tán, ó yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ọmọ mi, bí a ṣe máa ṣe é nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ẹ sọ fún mi, kí ni ǹ bá wí? Ẹni tó tó bàbá mi ni, àlejò sì wà níjokòó. A kì í bá àgbà jiyàn níwájú àlejò. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá tẹríba, wàá ní o ti gbọ́, lẹ́yìn náà wàá lọ bá a ní kọ̀rọ̀, wàá sọ tinú rẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Mo tẹríba. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Àlàájì yíjú sí wọn, ó sọ fún wọn lédè Òyìnbó pé onímọ̀ iyùn àwọn ti gbà pẹ̀lú òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí wọ́n ṣe jáde, mo tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Omi ti gbóná jù. Gbogbo èyí tí a bá gbìn lásìkò yìí ló máa kú. Ẹ jẹ́ ká dúró de ìgbà ọ̀tútù."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbà nísinsìnyí?"

"Mo ní mo gbọ́ ni, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè bá yín jiyàn níwájú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi mọ̀," ló wí. "Àwọn yẹn ò mọ̀."

Ó tún gbé fáìlì kan lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Má ṣe jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀."

Ká ní òyìnbó ló ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́, màá foríjì í. Ká ní Lárúbáwá ló rò pé mo gbà, màá ní kò mọ àṣà wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mọ ohun tí orúnkún ọmọ Yorùbá ń wí, ó sì mọ ohun tí kì í wí. Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi ló mú, tó fi ṣe òǹtẹ̀ sórí ohun tí mi ò fọwọ́ sí. Ó ti jẹ iyọ̀ tí mo jẹ, ó sì fi iyọ̀ náà ra mí lójú. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, àyà mi ń gbóná.

Mo pe Màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìrìn wọn ni wọ́n ń sọ, pé àwọn ti ń rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará etí omi kí àwọn tó mí. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún Idrís pé a fẹ́ gbé àwọn tábìlì iyùn lọ sí ibi tó jìn, níbi tí omi ti tutù díẹ̀, tí oòrùn kò sì ti ràn tó ti òkè.

"Ọ̀gá mọ̀?" ni Idrís bi mí ní Lárúbáwá.

"Á mọ̀."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

A so àpò afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tábìlì náà kí wọ́n lè fúyẹ́, a ń tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Láàárọ̀ láàárọ̀ la ń ṣe é. Apá ń ro mí débi pé mi ò lè gbé ṣíbí. Inú mi dùn. A ti gbé nǹkan bí ìdajì nígbà tí ẹnì kan sọ fún Àlàájì, ó sì ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Idrís. Ìdajì tó kù lókè ni wọ́n fi ṣe ayẹyẹ wọn.

Wọ́n ta àgọ́ sétí òkun, wọ́n pín dàbínù àti kọfí, ẹ̀rọ ayàwòrán ń fò kiri lókè orí wa bí eṣinṣin. Àwọn tí wọ́n háyà ti wọ inú omi, wọ́n ń lẹ iyùn mọ́ àpáta. Àgbà Lárúbáwá kan, ẹni tí gbogbo wọn ń dìde fún, wá dúró tì mí. Ó fi èdè Òyìnbó bi mí bóyá wọ́n máa yè.

Àlàájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń wí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rí ojú ìyá mi kedere.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Wọ́n máa kú. Omi ti gbóná jù, mo sì ti sọ fún ọ̀gá mi."

Àgbà náà wo omi, ó wo Àlàájì, ó sì ní kí wọ́n bu kọfí sí i fún òun. Wọ́n ń gbìn lọ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé Àlàájà ní Al-Ka'kiyah. Mo bá àwọn àgbà níjokòó bí ilé ẹjọ́, Àlàájì láàárín wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n pòwe. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ àforíjì, kí n sì gbé àwọn iyùn tí mo gbé sá lọ sí ìsàlẹ̀ padà wá sókè kí wọ́n lè gbìn wọ́n mọ́ àwọn yòókù. Bí mo bá ti ṣe é, kọ́ńtíráàtì mi tó fẹ́ parí á tún bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á sì wá ṣe Úmúrà wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bèèrè bóyá òótọ́ ni mo sọ.

"Mi ò lè gbé wọn wá sókè," ni mo wí. "Wọ́n máa kú."

Àlàájì mi orí. "Pe ìyá rẹ," ló wí. "Jẹ́ kí ìyá tó bí ọ bá ọ sọ̀rọ̀."

Mo pè wọ́n, ó ní kí n gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ó kí Màámi dáadáa, ó fi oyin sí ẹnu rò fún wọn bí ọmọ wọn ṣe dójú ti òun níwájú àlejò pàtàkì.

"Háà! Ẹ má bínú, Àlàájì," ni Màámi wí. "Ọmọdé ló ń ṣe é. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ànábì. Kí gan-an ló sọ?"

"Ó ní àwọn iyùn tí a gbìn máa kú."

"Ṣé wọ́n máa kú ni?"

"Ìyá wa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọ́ nìyẹn."

"Mo kàn ń bèèrè ni o. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n máa kú, àbí wọn ò ní kú?"

Àlàájì tún fìlà rẹ̀ ṣe. A ń gbọ́ tí ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn Màámi ní Ẹ̀pẹ́.

"Ọmọ mi," ni Màámi wí, "o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Màámi."

"Kúnlẹ̀ fún Àlàájì. Àgbà ni wọ́n, o sì dójú tì wọ́n. Tọrọ àforíjì. Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, sà."

"Ó dáa. Wá dìde. Má fọwọ́ kan àwọn iyùn yẹn níbi tí o gbé wọn sí. Àlàájì, ẹ ṣeun lórí ọmọ mi. Ilé Ọlọ́run ni mo fẹ́ wá. Bó bá jẹ́ ilé yín ni, mi ò wá mọ́."

Màámi gé fóònù. Àlàájà tó ni ilé dìde, wọ́n ní ìrẹsì ti ń tutù.

Kọ́ńtíráàtì mi parí, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Fáìlì ìyá mi kò kúrò lórí tábìlì ọkùnrin náà títí mo fi kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ kan ní yunifásítì gbà mí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó di kafíìlì mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú ikámà mi báyìí relẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìwé tí mo kọ láti fi pe Màámi wá fi já sí pàbó. Mo ń gbìyànjú. Màámi kò mẹ́nu kàn án rí láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kan tí mo pè wọ́n, mo gbọ́ orin àwọn aṣàlátù tí wọ́n ń fi pàdé ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Màámi ń gberin pẹ̀lú wọn. Mo yára ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mo pa fóònù, mo sì sunkún bí ọmọdé. Èmi tí mò ń gbé níbi tí èèyàn ti lè wakọ̀ dé Káábà kí oúnjẹ tó jinná!

Àwọn iyùn tí wọ́n gbìn funfun kí oṣù náà tó parí. Ewé bò wọ́n. Idrís ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, àpáta lásán ni wọ́n jọ. Àwọn tí a gbé lọ sí ìsàlẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kú. Kò sẹ́ni tó béèrè wọn mọ́ lẹ́yìn ayẹyẹ. Nígbà tí omi tutù, èmi àti Idrís àti olùkọ́ yẹn lọ gbìn wọ́n sórí àpáta kan tó jìnnà sí ilé ìtura, láìsí àgọ́, láìsí kọfí. Wọ́n ti ń yọ ẹ̀ka tuntun. Ooru míràn ń bọ̀, mi ò sì lè búra pé wọ́n máa là á já. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú: díẹ̀ tí èèyàn lè ṣe náà, wọn ò jẹ́ kó ṣe é lásìkò.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn iyùn tiwa yìí ni Àlàájì ya fọ́tò rẹ̀ tó ń fi han gbogbo ayé, pé èso ayẹyẹ òun nìyẹn. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídígí. Mo rí i tó gbé e dání.

Mo pàdé rẹ̀ ní Ìtúnu Ààwẹ̀, nílé Àlàájà. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, aṣọ tuntun lọ́rùn oníkálukú, àwọn ọmọ-ọmọ Àlàájà wà lórí rọ́ọ̀gì pẹ̀lú fóònù wọn. Nígbà tí Àlàájì wọlé, mo rí i pé orúnkún mi ni wọ́n ń wò, bóyá màá kí i tàbí mi ò ní kí i.

Mo lọ pàdé rẹ̀ láàárín yàrá. Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi.

"Ẹ kú ọdún, sà," ni mo wí. "Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Gbogbo iyùn tí ẹ gbìn ló kú, sà."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Dìde, ọmọ mi, dìde," ló ń wí kíákíá.

Mi ò dìde. Lórí orúnkún mi níbẹ̀, mo tún un sọ ní Lárúbáwá, kí àwọn ọmọ náà lè gbọ́.